Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì 'Break' àti Iṣẹ́ Aáyan Ògbufọ̀ ní Kíláàsì Yorùbá

Ìṣòro kan tí àwa olùkọ́ Yorùbá máa ń bá pàdé nínú iṣẹ́ aáyan ògbufọ̀ ni ti akẹ́kọ̀ọ́ tó gbà pé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan gbọ́dọ̀ ní ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo tí yóò dúró fún un níbi gbogbo. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ fi ọ̀rọ̀-ìṣe 'break' ṣe àpẹẹrẹ. Kò sí ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n, ibi tí ọmọ sì ti rò pé òun mọ ọ̀rọ̀ ni ó ti máa ń ṣì í lò jù. Àwọn ọmọ tí a ń kọ́ ní agbègbè Ìkìrun, Inísà àti Òkukù ń gbọ́ Yorùbá nílé àti lọ́jà. Síbẹ̀, bí a bá ti gbé Gẹ̀ẹ́sì síwájú wọn, 'fọ́' tàbí 'bàjẹ́' ni ọ̀pọ̀ wọn ń kọ fún gbogbo rẹ̀.

1. Ohun tí a lè fọwọ́ kàn

Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn gbólóhùn wọ̀nyí. Ọ̀rọ̀ kan náà, 'break', ni Gẹ̀ẹ́sì lè lò nínú gbogbo wọn:

(a) Àwo tí ìyá rà lọ́jà Inísà fọ́.
(b) Ẹ̀ka igi ọsàn náà ṣẹ́.
(d) Okùn tí wọ́n fi so ewúrẹ́ já.
(e) Egungun apá rẹ̀ kán.
(ẹ) Ó bu búrẹ́dì fún àbúrò rẹ̀.

Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń wò ni pé nǹkan náà kò pé mọ́. Irú nǹkan tí ó jẹ́ ni Yorùbá ń wò. Ohun tí í túká sí wẹ́wẹ́ ni ti 'fọ́': àwo, ìgò, ìkòkò, ẹyin. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ní ẹyin lọ̀rọ̀, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Ohun gbọọrọ tó le ni ti 'ṣẹ́', 'dá' àti 'kán'. Ohun gbọọrọ tó rọ̀, bí okùn àti òwú, ni ti 'já'. Ohun tí a lè mú díẹ̀ kúrò lára rẹ̀ ni ti 'bù'.

Ẹni tó bá ṣi ọ̀rọ̀-ìṣe mú lè sọ ohun mìíràn pátápátá. 'Ẹsẹ̀ rẹ̀ kán' yàtọ̀ sí 'ẹsẹ̀ rẹ̀ já': ti àkọ́kọ́, a lè to egungun náà, ti èkejì, ẹsẹ̀ ti kúrò lára. Ẹni tó ní 'orí ń fọ́ mi' kò sọ pé agbárí òun ti là.

Ìlò wọn nínú gbólóhùn pẹ̀lú yàtọ̀. A lè sọ pé 'ó fọ́ àwo' tàbí 'àwo fọ́', 'ó já okùn' tàbí 'okùn já'. Ṣùgbọ́n 'bù' kò lè ṣe láìní àbọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kọ 'búrẹ́dì ti bu' ti sọ pé búrẹ́dì náà pẹ́ jù, kò sì ṣeé jẹ mọ́.

2. Ohun tí a kò lè fọwọ́ kàn

Níhìn-ín, ìrísí nǹkan kò ràn wá lọ́wọ́ mọ́. Àkànlò ni a gbọ́dọ̀ mọ̀. Arúfin rú òfin, aláìṣòótọ́ yẹ àdéhùn, aláàwẹ̀ ṣínu, ilẹ̀ mọ́, ogun sì bẹ́ sílẹ̀. Àkókò ìsinmi ni èyí tí agogo ilé-ìwé ń lù fún. Kò sí 'fọ́' kan ṣoṣo nínú gbogbo wọn.

3. Bí a bá yí i padà

Ọ̀rọ̀ Yorùbá náà ní ìtumọ̀ púpọ̀ tirẹ̀. Ìtàn Ìkìrun fi èyí hàn. Níbẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn, tí Balógun Ajàyí Ògbóríẹ̀fọ̀n ṣáájú wọn, ti ṣẹ́gun àwọn ọmọ ogun Ìlọrin, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà ní 1878. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sá lọ kó sínú odò Ọ̀tìn, wọ́n sì bómi lọ. Ogun Jálumi ni a ń pe ogun náà. 'Já' inú 'já lu omi' kì í ṣe ti okùn; ó jẹ mọ́ kíkù gììrì wọ inú omi. Ọmọ tó bá fi 'break' túmọ̀ rẹ̀, tàbí tó fi í túmọ̀ 'ṣẹ́' inú 'ṣẹ́gun', ti sọ ìtàn ìlú rẹ̀ nù.

4. Ìmọ̀ràn fún olùkọ́ àti olùdánwò

Lọ́nà kìíní, kí olùkọ́ mú okùn, igi gbígbẹ àti àfọ́kù àwo wọ kíláàsì. Kí ọmọ kọ́kọ́ sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí kí Gẹ̀ẹ́sì tó dé.

Lọ́nà kejì, kí a má ṣe fún ọmọ ní ọ̀rọ̀ kan lásán láti túmọ̀. Odindi gbólóhùn ni kí a fún un. Láti ìgbà tí Àjàyí Crowther ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde ní 1843 ni ìwé atúmọ̀-èdè ti ń to ọ̀rọ̀ èdè méjèèjì síra wọn, ṣùgbọ́n ìwé kò lè bá òǹlò yan èyí tó yẹ. Bí ọmọ bá rí ọ̀rọ̀ Yorùbá kan, kí ó wò ó nínú ìwé R. C. Abraham (1958), kí ó lè rí i nínú àwọn gbólóhùn àpẹẹrẹ.

Lọ́nà kẹta, fún kíláàsì àgbà, ìwé Karin Barber (1991) lórí oríkì Òkukù gbé Yorùbá àti ìtumọ̀ rẹ̀ jọ. Kí akẹ́kọ̀ọ́ fi èkíní wé èkejì.

Lọ́nà kẹrin, kí ìlànà máàkì má ṣe gba ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Bí olùdánwò bá kọ 'kán' fún egungun, kí ó gba 'dá' àti 'ṣẹ́' pẹ̀lú, nítorí ọmọ tó kọ wọ́n kò ṣìnà. Ẹni tó kọ 'fọ́' ni máàkì kò tọ́ sí.

Ọ̀rọ̀ náà ju máàkì lọ. Bí 'fọ́' àti 'bàjẹ́' bá gba iṣẹ́ gbogbo àwọn yòókù ṣe lẹ́nu àwọn ọmọ wa, ìyàtọ̀ tí àwọn baba ńlá wa fi sáàárín okùn, igi àti àwo yóò parẹ́ nínú èdè. Àwa tí a ń kọ́ni, tí a sì ń máàkì, ni ó yẹ kí a tètè dí ojú ihò náà.