Kí ni eré Caylus lè kọ́ wa nípa ohun tó dé bá Yorùbá Kumasi lọ́dún 1969?

Ní Asawase, àdúgbò kan nílùú Kumasi lórílẹ̀-èdè Ghana, oware ni wọ́n ń pe eré tí Yorùbá mọ̀ sí ayò. Ilé méjìlá ló ní, ọmọ ayò sì jẹ́ 48. Kò sí dáìsì níbẹ̀ bíi ti Lúdò. Ẹni tó bá ronú jinlẹ̀ ló ń jẹ. Irú ìrònú yìí náà ni wọ́n fi ń ta àwọn eré orí pátákó tí wọ́n ń pè ní Eurogame. Ọ̀kan tó gbajúmọ̀ nínú wọn ni Caylus.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ta á?

William Attia, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló ṣe Caylus jáde lọ́dún 2005. Ìtàn inú rẹ̀ wáyé lọ́dún 1289, nígbà tí Ọba Philippe Kẹrin fẹ́ kọ́ ilé olódi tuntun. Ẹni méjì sí márùn-ún ló lè ta á. Ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò san owó láti gbé òṣìṣẹ́ rẹ̀ sí àwọn ilé tó wà lẹ́bàá ọ̀nà. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń rí oúnjẹ, igi, òkúta, aṣọ àti wúrà, èyí tí wọ́n fi ń kọ́ ilé ọba àti ilé tiwọn. Bí ẹlòmíràn bá lo ilé tí ẹ kọ́, ẹ̀yin náà yóò gba máàkì kan.

Ṣùgbọ́n aláṣẹ kan wà lójú ọ̀nà náà. Òṣìṣẹ́ tó bá wà ní ilé tó kọjá ibi tí aláṣẹ dúró sí yóò padà lọ́wọ́ òfo. Àwọn tó ń ta eré náà lè san owó láti ti aláṣẹ síwájú tàbí sẹ́yìn. Lọ́dún 2006, ìgbìmọ̀ Spiel des Jahres ní Jámánì fún Caylus ní àmì ẹ̀yẹ àkànṣe.

Ibo ni ọ̀rọ̀ Kumasi ti wọ̀ ọ́?

Asawase fúnra rẹ̀ jẹ́ àdúgbò tí wọ́n kọ́ sílẹ̀ láyé ìjọba amúnisìn Gẹ̀ẹ́sì. Ní Kumasi, àwọn Yorùbá wà lára àwọn àlejò tó fi òwò jẹun. Àwọn kan nínú wọn kọ́lé, wọ́n sì bímọ síbẹ̀.

Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Abrefa Busia fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti gbà á tàbí kí wọ́n fi Ghana sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ Yorùbá di ẹrù wọn. Àwọn mìíràn ta ọjà ní ọ̀pọ̀ kí àkókò tó tán.

Ẹ̀kọ́ Caylus nìyí: òógùn ẹni tó kọ́lé nìkan kọ́ ló ń pinnu èrè rẹ̀, ibi tí aláṣẹ dúró sí wà níbẹ̀. Bákan náà, ilé ìtajà tí ẹnì kan ṣí, gbogbo àdúgbò ló ń ná an. Bí wọ́n bá tì í pa, oníbàárà náà pàdánù.

Nínú eré, ẹni tí aláṣẹ ṣàkóbá fún yóò tún gbé òṣìṣẹ́ sílẹ̀ nígbà tó bá tún kàn án. Àwọn tó fi Kumasi sílẹ̀ lọ́dún 1969 kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ní láti bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà.