Èrè Orí Tábìlì, Èrè Inú Àpò

Nínú Old School RuneScape, géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ilé-iṣẹ́ Jagex ní Cambridge, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé jáde lọ́dún 2013, ọjà ńlá kan wà tí wọ́n ń pè ní Grand Exchange. Níbẹ̀ ni àwọn tó ń gbá géèmù náà ti ń ra idà, ìhámọ́ra, oúnjẹ àti èròjà idán lọ́wọ́ ara wọn, owó wúrà inú géèmù ni wọ́n sì ń ná. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti di alájàpá: wọ́n ń ra ohun tí owó rẹ̀ bá wálẹ̀, wọ́n ń tà á nígbà tó bá gbówó lórí. Oríṣi ọjà tó wà níbẹ̀ lé ní 3,000, orí nìkan kò sì lè gbé irú ìṣirò bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣí Excel tàbí Google Sheets. Ohun tí mo fẹ́ sọ nípa irú tábìlì yìí kò ju ẹyọ kan lọ: èrè orí ẹyọ ọjà, èyí tí gbogbo èèyàn kọ́kọ́ ń wá, ni nọ́ńbà tó ń tan èèyàn jẹ jù. Iye ẹyọ tó ṣeé rà, àti àkókò tí iṣẹ́ náà ń gbà, ló yẹ kí tábìlì kọ́kọ́ wò.

Ẹ jẹ́ ká mú idán tó ń jẹ́ High Level Alchemy. Ẹni tó bá ti dé ipele 55 nínú Magic lè fi sọ ọjà di owó wúrà lójú ẹsẹ̀, géèmù fúnra rẹ̀ ló ń sanwó, kì í ṣe oníbàárà. Ìhámọ́ra rune platebody kan máa ń di 39,000, ì báà wọ́n lọ́jà, ì báà pọ̀ bí ilẹ̀ bí ẹní. Nature rune kan àti fire rune 5, tí wọ́n jẹ́ èròjà idán, ni idán náà ń jẹ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mú ọ̀pá iná lọ́wọ́ kò nílò fire rune. Fọ́múlà àkọ́kọ́ rọrùn nígbà náà: owó tí idán mú wá, yọ owó tí a fi ra ọjà, yọ owó nature rune. Ká ní a ra ìhámọ́ra náà ní 38,000, tí nature rune jẹ́ 100, èrè jẹ́ 900. Ìṣẹ́jú àáyá 3 ni idán kan ń gbà, ìyẹn 1,200 ní wákàtí kan. Tábìlì tó bá dúró síbẹ̀ á fi 900 lọ́nà 1,200, á sì kéde 1,080,000 fún wákàtí kan. Irọ́ ni. Grand Exchange kò gbà kí ẹnì kan ra ju rune platebody 70 lọ láàárín wákàtí 4. Èrè tó wà níbẹ̀ lóòótọ́ ni 63,000 ní wákàtí 4, ìyẹn 15,750 ní wákàtí kan. Ọjà mìíràn tí èrè orí ẹyọ rẹ̀ kò ju 150 lọ, àmọ́ tí gbèdéke rẹ̀ jẹ́ 5,000, á mú 180,000 wọlé ní wákàtí kan. Fọ́múlà MIN ló ń ṣe iṣẹ́ yìí nínú tábìlì: =MIN(1200; gbèdéke/4)*èrè. Ó ń wo ohun tí ọwọ́ wa lè ṣe àti ohun tí ọjà gbà wá láyè láti rà, ó sì ń mú èyí tó kéré jù.

Ẹni tó ń ṣe àjàpá lásán, tí kò lo idán, ní owó orí láti san. Ìdá 1 nínú 100 ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó tajà tẹ́lẹ̀, ó sì di ìdá 2 lọ́dún 2025. Ẹni tó ra nǹkan ní 10,000, tó tà á ní 10,150, á rò pé òun jèrè 150. Nígbà tí owó orí jẹ́ ìdá 1, 101 ló ń lọ, 49 ló ń ṣẹ́kù. Ní ìdá 2, 203 ló ń lọ: àdánù 53 dé. Ẹni tó ti kọ 0.01 sínú fọ́múlà rẹ̀ tí kò padà tún un ṣe, tábìlì rẹ̀ á máa pe àdánù ní èrè, kò sì sí ohun tó máa ta á lólobó. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ìdá owó orí ní àpótí tirẹ̀ lókè ojú ìwé, kí gbogbo fọ́múlà máa lọ wò ó níbẹ̀.

Àwọn kan á ní owó ọjà ń yí padà kí a tó parí ìṣirò. Òótọ́ ni, àmọ́ tábìlì lè fa iye tuntun wọlé fúnra rẹ̀ láti ojú òpó wiki géèmù náà, tó ń fi iye tí ẹni tó fẹ́ rà lójú ẹsẹ̀ san hàn, pẹ̀lú iye tí ẹni tó fẹ́ tà lójú ẹsẹ̀ gbà, àti àsìkò tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣẹlẹ̀. Fi àsìkò yẹn sí òpó tirẹ̀, iye tó bá ti pẹ́ ju wákàtí kan lọ, má gbẹ́kẹ̀ lé e. Àwọn mìíràn á ní nature rune tí àwọn fọwọ́ ara àwọn ṣe kò ná àwọn ní kọ́bọ̀. Èyí ni àṣìṣe tó ń dùn mí jù. Alágààrí tó ń jẹ nínú gààrí títà, owó ló ń jẹ. Rune tó ṣeé tà ní 100 ti ná ọ 100 lọ́jọ́ tí o lò ó. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní eré lásán ni gbogbo rẹ̀, kó rántí bond, tí wọ́n mú wọ géèmù náà lọ́dún 2015: owó wúrà ṣeé fi rà á, ó sì ń fúnni ní ọjọ́ 14 gẹ́gẹ́ bí ọmọ ẹgbẹ́ láìsan owó gidi. Wákàtí tí èèyàn lò níbẹ̀ ní iye.

Mo gbà pé bí gbogbo èèyàn bá ń lo tábìlì kan náà, èrè á tín-ín-rín. Ṣùgbọ́n ọjà tí gbèdéke rẹ̀ kéré ló ń fa ojú ọ̀pọ̀ èèyàn mọ́ra, nítorí èrè orí ẹyọ rẹ̀ ń dán. Ìwọ tó bá fẹ́ ṣe tìrẹ lálẹ́ òní, kọ òpó gbèdéke kí o tó kọ òpó èrè.