Ibi Tí Ẹjọ́ Ìgbàrà-Òkè Ń Parí Sí: Ìtàn Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ

Ìgbàrà-Òkè wà lójú ọ̀nà tó ti Akúrẹ́ lọ sí Iléṣà. Bí ìdílé méjì bá ń du oko kòkó níbẹ̀ lónìí, tí ẹni tó jẹ̀bi ní Ilé-Ẹjọ́ Gíga bá yarí, Ilé-Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn wà ní Akúrẹ́ nítòsí. Bó bá tún yarí, ó di Àbújá, níbi tí Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ wà. Ohun tí àwọn adájọ́ ibẹ̀ bá sọ, abẹ́ gé e. Àwọn tó kọ́kọ́ gbin kòkó nílẹ̀ yìí kò ní irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀.

Èkó ni kóòtù náà ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ìlú náà lọ́wọ́ Ọba Dòsùnmú ní 1861, wọ́n sì dá Supreme Court sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1863. Ní 1866 wọ́n fa Èkó mọ́ Sàró, ní 1874 wọ́n fà á mọ́ Gold Coast tí í ṣe Gánà òde òní. 1886 ló tó dá dúró.

Ní 1914, nígbà tí gómìnà òyìnbó, Lugard, so Àríwá pọ̀ mọ́ Gúúsù, ó fi àṣẹ Supreme Court mọ sí Èkó àti àwọn ìlú ńláńlá díẹ̀. Kóòtù àjẹ́lẹ̀ ni wọ́n fi jin àwa ará òkè, ẹkùn Oǹdó pẹ̀lú. Ẹni tó ń ṣèjọba náà ló ń dájọ́, agbẹjọ́rò kò sì gbọ́dọ̀ yọjú síbẹ̀. Ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn ìpànìyàn kàn lè dúró níwájú òyìnbó, kí ògbufọ̀ máa túmọ̀ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, kí wọ́n sì dájọ́ ikú fún un láìsí amòfin kan tó gbẹnu sọ fún un. Nínú gbogbo ìtàn yìí, kò sí ohun tó dùn mí tó èyí. Odidi ọdún 19 ni wọ́n fi ṣe é, títí di 1933 tí àwọn agbẹjọ́rò tó ti ń pariwo láti Èkó fi rí i kí ìjọba yí i padà.

Lẹ́yìn ìyẹn, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni ẹjọ́ ń lọ, kóòtù kan ṣoṣo tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì dá sílẹ̀ fún Nàìjíríà, Gold Coast, Sàró àti Gáḿbíà. Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù ló wà lókè rẹ̀. Federal Supreme Court tiwa dé ní 1954. Ọmọ ọba Ẹ̀gbá, Adétòkunbọ̀ Adémọ́lá, di Adájọ́ Àgbà rẹ̀ ní 1958, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó dé ipò náà. Síbẹ̀, Lọ́ńdọ̀nù ṣì lè yí ìdájọ́ kóòtù náà padà. Nínú ìjà Akíntọ́lá àti Adégbẹ́nró lórí ta ni olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí Ìgbàrà-Òkè wà lábẹ́ rẹ̀, kóòtù Èkó dá Akíntọ́lá láre, Privy Council sì yí i padà ní oṣù karùn-ún 1963. Nígbà tí Nàìjíríà di olómìnira tí kò ní ọba Gẹ̀ẹ́sì lórí mọ́, ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún náà, ẹjọ́ kò lọ sí Lọ́ńdọ̀nù mọ́.

Lẹ́yìn tí àwọn ológun gbàjọba, àwọn ló tún wá dún mọ̀huru mọ̀huru mọ́ Supreme Court. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹrin 1970, ilé-ẹjọ́ náà sọ nínú ẹjọ́ Lákànmí pé ìjọba ológun kò lè fi òfin gba iṣẹ́ adájọ́ ṣe. Ọjọ́ 15 lẹ́yìn náà, ìjọba ṣe Decree 28 láti pa ìdájọ́ náà rẹ́.

Tiwa ní Oǹdó, 1983 ni mánigbàgbé. Wọ́n kéde Akin Ọmọ́bóríowó, igbákejì Gómìnà Michael Ajáṣin tẹ́lẹ̀ tó ti lọ sínú ẹgbẹ́ NPN, pé òun ló wọlé ìbò gómìnà. Akúrẹ́ gbiná, ẹ̀mí ṣòfò. Kóòtù Akúrẹ́ dá Ajáṣin láre, ti kò-tẹ́-mi-lọ́rùn gbè é lẹ́yìn, Supreme Court náà fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n àwọn ológun gbàjọba ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún náà, Ajáṣin sì kúrò.

Ọmọ Oǹdó, agbẹjọ́rò Gani Fawẹ̀hìnmi, ló pẹjọ́ lórí àtìmọ́lé tí ìjọba ológun Abacha fi í sí ní 1996. Ní ọdún 2000, Supreme Court sọ nínú ẹjọ́ yẹn pé òfin ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ilẹ̀ Áfíríkà lágbára ju òfin lásán lọ. Ní ọjọ́ 28 oṣù keje 2021, nínú ẹjọ́ ìbò gómìnà Oǹdó láàárín Akeredolu àti Jẹ́gẹ́dẹ́, adájọ́ 4 gbè sẹ́yìn Akeredolu, 3 kọ̀.

Ìwé òfin 1999 fàyè gba adájọ́ 21 pẹ̀lú Adájọ́ Àgbà. Márùn-ún ló ń jókòó gbọ́ ẹjọ́, méje bí ọ̀rọ̀ bá kan ìtumọ̀ ìwé òfin.