ILÉ GBÍGBÉ LÁSÌKÒ ÒJÒ DÍDÌ

  Ọ̀rọ̀ òtútù ni a fẹ́ sọ ní ìrọ̀lẹ́ òní. Kì í ṣe òtútù ọyẹ́ tí ètè fi ń là, tí a sì ń fi òrí pa ara nítorí rẹ̀, bí kò ṣe òtútù Ìlú Ọba, èyí tí ó ń sọ omi di òkúta.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí àwọn ènìyàn kan ṣe ń gbé ayé kò gbọdọ̀ wo ọjọ́ ọdún wọn nìkan. Kí ó wo ohun tí wọ́n ń ṣe nínú ilé wọn nígbà tí ojú ọjọ́ bá le mọ́ wọn. Nítorí náà ni a ṣe mú oṣù kan ṣoṣo, oṣù kìíní ọdún 1963, láti fi ṣe àpẹẹrẹ. Títí di òní, àwọn àgbà Ìlú Ọba tí ó ṣojú wọn kò gbàgbé oṣù náà.

Kí ni òjò dídì? Àwa mọ yìnyín. Bí òjò ńlá bá ń rọ̀, yìnyín a máa bọ́ lu páànù bí òkúta, àwọn ọmọdé a sì máa ṣà á jẹ. Òjò dídì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ooru omi tí ó wà nínú àwọsánmà ni ó dì láìkọ́kọ́ di ẹ̀kán omi, tí ó sì ń bọ̀ wálẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí òwú tí a gbọ̀n. Kì í pariwo. Ẹni tí ó sùn kò ní mọ̀ pé ó ń rọ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́ ni yóò rí i pé òde ti funfun báláú, tí ìdákẹ́rọ́rọ́ sì bo gbogbo àdúgbò. Ìdí ìdákẹ́rọ́rọ́ náà ni pé afẹ́fẹ́ pọ̀ nínú òjò dídì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ balẹ̀. Ó ń gbé ariwo mì bí ìgbà tí a tẹ́ tìmùtìmù sí gbogbo ojú títì.

Ọjọ́ 26 oṣù kejìlá ọdún 1962, ọjọ́ kejì Kérésìmesì, ni òjò dídì náà bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 29 àti ọjọ́ 30, ìjì líle dé, ó gbá a jọ bí òkìtì, ó bo ọkọ̀ mọ́lẹ̀ lójú ọ̀nà, ó sì dí ọ̀nà mọ́ àwọn ará abúlé púpọ̀. Nígbà tí oṣù kìíní parí, àwọn tí ń wọn ojú ọjọ́ rí i pé ìpíndọ́gba ìwọ̀n ooru ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ìwọ̀n Sẹ́ńtígíréètì 2.1 rẹlẹ̀ ju ibi tí omi ti ń dì lọ. Wọn kò tíì rí oṣù tí ó tutù tó bẹ́ẹ̀ láti ọdún 1814. Ní Braemar, ní Skọ́tílándì, ìwọ̀n náà lọ sílẹ̀ dé 22.2 lábẹ́ òdo ní ọjọ́ 18 oṣù náà. Omi òkun pàápàá dì ní èbúté Herne Bay, ẹnìkan sì wa mọ́tò kọjá lórí odò Thames ní Oxford.

Ẹ jẹ́ kí a wọ inú ilé wò. Ní ìgbà náà, ilé tí ó ní ẹ̀rọ tí ń gbé omi gbígbóná yí gbogbo iyàrá ká kò pọ̀ ní Ìlú Ọba. Ààrò kan ni ó wà nínú ògiri iyàrá ìgbàlejò, èédú inú ilẹ̀, irú èyí tí wọ́n wà ní Enúgu láyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n sì ń fi dá iná níbẹ̀. Ìdí ààrò yìí ni ilé gan-an. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun, níbẹ̀ ni ọmọ ti ń kàwé, níbẹ̀ ni wọ́n sì ń sá aṣọ sí, nítorí pé aṣọ tí a bá sá sí ìta yóò gan bí pákó. Síbẹ̀, ẹni tí ó jókòó ti iná náà, iwájú rẹ̀ a máa gbóná, ẹ̀yìn rẹ̀ a sì máa tutù.

Iyàrá ibùsùn kò tilẹ̀ ní ìtura tó bẹ́ẹ̀. Bí ènìyàn bá mí, èémí rẹ̀ a máa rú bí èéfín. Omi inú èémí náà a lẹ̀ mọ́ gíláàsì fèrèsé, a sì dì síbẹ̀ lóru, tí ó fi jẹ́ pé bí ilẹ̀ bá mọ́, inú gíláàsì náà a ti kún fún àwòrán bí imọ̀ ọ̀pẹ. Wọn a wọ ìbọ̀sẹ̀ sùn, wọn a da kóòtù lé kúbùsù, wọn a rọ omi gbígbóná sínú ìgò rọ́bà, wọn a sì fi sí ìdí ẹsẹ̀ wọn. Ẹni tí ó ti inú òtútù dé, tí ó sì na ẹsẹ̀ sí iná lójijì, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ a máa wú, a máa pọ́n, a sì máa yún un kíkankíkan. Oòrùn kì í yọ ní Lọ́ńdọ̀nù nínú oṣù náà títí di nǹkan bí agogo mẹ́jọ òwúrọ̀. Kété lẹ́yìn agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ó ti ń múra àtiwọ̀.

Ọ̀rọ̀ omi ni ó da ilé rú jù. Ẹ̀yin olùkọ́ sáyẹ́ǹsì, ẹ fi etí sí èyí. Omi tí ó bá di yìnyín a máa fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ: ìgò omi mọ́kànlá yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìgò yìnyín méjìlá. Bí omi bá dì nínú páìpù, kò sí àyè tí yóò fẹ̀ sí, nítorí náà ni ó ṣe ń fa irin ya. Onílé kò sì ní mọ̀ lójú ẹsẹ̀, nítorí pé yìnyín náà ni ó dí ojú ibi tí ó ya. Ọjọ́ tí ara bá ń tu gbogbo ènìyàn pé òtútù ń lọ, ọjọ́ náà gan-an ni omi yóò máa ṣàn wálẹ̀ láti àjà. Ní àwọn àdúgbò mìíràn, wọ́n ní láti ri ẹ̀rọ omi sí ìgboro, àwọn ìyàwó ilé sì gbé garawa tò sí ìdí rẹ̀. Ẹni tí ó bá rò pé ilé wa nìkan ni a ti ń tò sí ìdí ẹ̀rọ omi, kí ó tún èrò rẹ̀ rò.

Mílíìkì tí wọ́n ń gbé sí ẹnu ilẹ̀kùn láàárọ̀ náà a máa dì. A fẹ̀, a sì ti ìdérí ìgò sókè bí olú tí ó hù. Ewébẹ̀ dì mọ́ inú ilẹ̀ lóko, owó rẹ̀ sì gbówó lórí lọ́jà. Bọ́ọ̀lù kò ṣeé gbá. Ìpele kẹta ìdíje ife FA gba ọjọ́ 66 kí ó tó parí. Àwọn onítẹ́tẹ́ pọ́ọ̀lù, tí àwọn ará ilé wa náà mọ̀ dáadáa, rí i pé ọjà àwọn fẹ́ kú. Ní ọjọ́ 26 oṣù kìíní, wọ́n kó àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n bọ́ọ̀lù jọ pé kí wọ́n sọ bí ìdíje tí a kò gbá ìbá ti parí. Bí bàbá ilé kò tilẹ̀ lè jáde, ó ṣì ń rí ohun retí ní ọjọ́ Sátidé.

Àwọn ọmọ wa ńkọ́? Nàìjíríà ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira ní ọdún 1960, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa sì pọ̀ ní Ìlú Ọba. Òmíràn ń kọ́ òfin, òmíràn ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Kí wọ́n tó bá òtútù jà ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń bá onílé jà. Àwọn onílé mìíràn a máa kọ ọ́ síta pé àwọn kò gba aláwọ̀ dúdú, òfin kò sì dí wọn lọ́wọ́. Ọdún 1968 ni òfin tó kà á léèwọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ilé. Irú ìyà yìí wà lára ohun tí ó mú kí Ládiípọ̀ Ṣóláńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1925, tí wọ́n sì ṣí ilé ibùwọ̀ tiwọn ní ọdún 1933.

Ẹni tí ó bá rí ilé, iyàrá kan ṣoṣo ni ó sábà máa ń rí. Nínú irú iyàrá bẹ́ẹ̀, àpótí kan a máa wà lára ògiri tí a ń sọ ṣílè sí kí iná gáàsì tó tàn. Bí ṣílè bá tán, iná á kú, ìwé kíkà á sì di inú kúbùsù. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ fi ń ra ààrò kẹrosíìnì, nítorí pé òun ni owó rẹ̀ mọ níwọ̀n.

Ibí ni kí a ti tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa, nítorí pé ọ̀rọ̀ ikú àti ìyè ni. Ẹni tí òtútù ń mú a máa wá gbogbo ihò iyàrá rẹ̀ dí: abẹ́ ilẹ̀kùn, ojú fèrèsé, gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n iná náà ń mí bí ènìyàn ti ń mí. Bí afẹ́fẹ́ tí ó ń jẹ kò bá tó mọ́, kò ní jó dáadáa. Yóò wá máa tú afẹ́fẹ́ olóró kan jáde tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn. Oró yìí ni yóò gba ipò afẹ́fẹ́ rere nínú ẹ̀jẹ̀. Orí á kọ́kọ́ fọ́ni, oorun á wá máa kunni. Ẹni tí ó bá gbà fún oorun náà lè má jí mọ́. Ojúlówó ọgbọ́n ni pé kí a fi ojú fèrèsé sílẹ̀ díẹ̀, bí ó ti wù kí òtútù mú tó, kí a sì pa iná náà kí a tó sùn.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ni èyí. Ẹni tí ó gbé ìkòkò èédú wọ iyàrá nígbà ọyẹ́, tí ó sì ti ilẹ̀kùn, ohun kan náà ni ó ń ṣe. Ẹni tí ó tan ẹ̀rọ amúnáwá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí olè má baà gbé e, ikú kan náà ni ó ń pè wọlé. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó.

Òtútù tún kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ kejì. Ìlú Ọba jẹ́ ibi tí ènìyàn lè gbé pẹ́ láìmọ orúkọ ẹni tí ó wà ní ilé kejì. Ní oṣù náà, ẹni tí páìpù rẹ̀ kò dì ń fún aládùúgbò ní omi. Ẹni tí ó lágbára ń fi ṣọ́bìrì kó òjò dídì kúrò ní ẹnu ọ̀nà arúgbó. Arúgbó tí ń dá gbé ni òtútù ń pa jù, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ àgbà kì í tètè gbóná, òun fúnra rẹ̀ sì lè má mọ̀ pé ara òun ti tutù jù. Bí wọ́n bá rí i pé ìgò mílíìkì ṣì wà lẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀ títí di ọ̀sán, ó yẹ kí wọ́n kan ilẹ̀kùn.

Ọjọ́ 6 oṣù kẹta ni ó di òwúrọ̀ àkọ́kọ́ nínú ọdún náà tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Skọ́tílándì mọ́ láìsí omi dídì níbì kankan. Láti ìgbà náà wá, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ti ní ẹ̀rọ ìmúlégbóná, wọ́n sì ń fi aṣọ wé páìpù wọn kí òtútù tó dé. Ìgbà kì í lọ bí òréré, ayé kì í lọ bí ọ̀pá ìbọn. Ilé tí ó bá gbọ́n a máa múra de ìgbà, a sì máa bojú wo ilé kejì.