Ọjà Àlòkù Orí Íntánẹ́ẹ̀tì: Ta Ni Oníbodè?

Ẹ jẹ́ kí a gbà pé akẹ́kọ̀ọ́ kan wà ní Ìkòròdú, ní Yunifásítì Ìmọ̀ Sáyẹ́ǹsì àti Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Ìpínlẹ̀ Èkó, tí ó ń wá kọ̀ǹpútà alágbèéká tí yóò máa fi ṣe iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀. Agbára rẹ̀ kò ká tuntun. Ó ṣí fóònù rẹ̀, ó wọ ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì rí àlòkù kan tí ó dára lójú, tí ẹni tí ó fẹ́ tà á ń gbé ní Ẹ̀pẹ́. Wọ́n dúnàá dúrà títí owó ọjà fi dúró sí ₦180,000. Nígbà tí ó ku kí akẹ́kọ̀ọ́ náà san owó, ẹni tí ó ń tajà kọ̀wé ránṣẹ́ pé, "Ó ku ₦13,500 o. Ti ìjọba ni, owó VAT." Akẹ́kọ̀ọ́ náà ṣírò ó, ó sì rí i pé ìdá méje ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún ni lóòótọ́. Ìṣirò náà pé, kò sí àléébù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣé ó jẹ owó náà?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo. Olùkọ́ tí ó fẹ́ ta firíìjì tí ó ti lò fún ọdún mẹ́rin, òbí tí ó ń ra bàtà àlòkù fún ọmọ, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ń ra fóònù tí ó ti bàjẹ́, tí ó ń tún un ṣe, tí ó sì ń tà á, gbogbo wọn ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Ohun tí ó mú un díjú ni pé nǹkan mẹ́ta ni ó so pọ̀ mọ́ra. Ọjà náà jẹ́ àlòkù. Ẹni tí ó ń tà á lè jẹ́ oníṣòwò, ó sì lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ibi tí wọ́n sì ti pàdé kò ní odi, kò ní ẹnu-ọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ ẹnu-ọ̀nà yẹn ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Láyé àtijọ́, bí oníṣòwò bá gbé ẹrù dé ẹnu ibodè ìlú, oníbodè ni yóò dá a dúró. Yóò wo ẹrù náà, yóò sì gba owó ibodè, ìbáà ṣe owó ẹyọ, ìbáà ṣe díẹ̀ lára ẹrù, kí ó tó jẹ́ kí onítọ̀hún kọjá. Ìlú Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ mọ iyì ọ̀nà ẹrù ju ọ̀pọ̀ ìlú lọ, nítorí pé etí ọ̀sà ni àwọn méjèèjì wà, níbi tí ẹrù òkè ti ń bọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi lọ sí Èkó. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà yìí wà nínú ohun tí ó mú kí àwọn Ẹ̀gbá dó ti Ìkòròdú, tí Glover, ẹni tí ó ń ṣe àkóso Èkó fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, fi kó ọmọ ogun wá lé wọn ní oṣù Kẹta ọdún 1865. Ní ti Ẹ̀pẹ́, ibẹ̀ ni Ọba Kòsọ́kọ́ forí lé nígbà tí wọ́n lé e kúrò lórí oyè ní 1851. Nígbà tí òun àti Consul Campbell sì ṣe àdéhùn ní Ẹ̀pẹ́ ní oṣù Kẹsàn-án 1854, èbúté Palma àti òwò tí ó ń gba ibẹ̀ kọjá wà lára ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ jókòó. Ẹni tí ibodè wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni owó ń wọlé fún.

Ẹrù ni oníbodè máa ń wò. Owó-orí ọjà ti òde òní, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí VAT, kò rí bẹ́ẹ̀: ẹni tí ó ń tajà ni ó kọ́kọ́ ń wò. Àìmọ ìyàtọ̀ yìí ni ó ń mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa san owó tí wọn kò jẹ.

Ní 1986 ni ìjọba ológun gbé òfin owó-orí lórí ọjà títà jáde, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lórí ìwọ̀nba ọjà àti iṣẹ́ díẹ̀, àwọn ìpínlẹ̀ ni ó sì ń gbà á. Òfin kejìlélọ́gọ́rùn-ún ti ọdún 1993 ni ó fi VAT rọ́pò rẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba èyí láti oṣù Kìíní 1994. Ìdá márùn-ún ni òun náà jẹ́ títí di ọjọ́ kìíní oṣù Kejì 2020, tí ó di méje ààbọ̀. Òfin Owó-Orí tuntun tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní oṣù Kẹfà 2025, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2026, kò yí ìdá méje ààbọ̀ yìí padà, bí ó tilẹ̀ yí orúkọ ilé-iṣẹ́ tí ń gbà á padà, tí ó sì yí bí wọ́n ṣe ń pín in láàárín ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ padà.

Ta ni òfin wá pa á láṣẹ fún pé kí ó gba owó yìí lọ́wọ́ oníbàárà? Ẹni tí ó ń ṣòwò ni. Ẹni tí ó ra nǹkan láti lò, tí ó wá tà á nígbà tí kò wúlò fún un mọ́, kì í ṣe oníṣòwò. Ẹni tí ó ra nǹkan láti tà ni oníṣòwò, ìbáà ṣe inú ìsọ̀ ní Sábó ni ó ti ń tà á, ìbáà ṣe orí fóònù lórí ibùsùn rẹ̀. Olùkọ́ tí ó ta firíìjì ilé rẹ̀ kò di oníṣòwò firíìjì. Bí olùkọ́ kan náà bá wá ń ra firíìjì mẹ́wàá mẹ́wàá, tí ó ń kùn wọ́n ní ọ̀dà, tí ó sì ń tà wọ́n, òwò ni ó ń ṣe, bí ó ti wù kí ó máa pe ara rẹ̀.

Kì í tilẹ̀ ṣe gbogbo oníṣòwò ni ó gbọ́dọ̀ gbà á. Nígbà tí wọ́n ṣe àtúnṣe òfin ní 2020, wọ́n ní kí ẹni tí ọjà rẹ̀ láàárín ọdún kan kò bá ju mílíọ̀nù mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n náírà lọ má ṣe yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Kò ní forúkọ sílẹ̀ fún VAT, kò sì ní fi í lé owó ọjà. Òfin tuntun sì tún gbé ààlà náà ga sí i. Bí a bá fojú inú wo àwọn tí ń ta àlòkù lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti Ìkòròdú títí dé Ẹ̀pẹ́, ọ̀pọ̀ wọn ni kò lè sún mọ́ ààlà yìí. (Owó-orí lórí èrè tí wọ́n ń jẹ jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn, ìpínlẹ̀ ni ó ń gba ìyẹn, ọwọ́ oníbàárà kọ́ ni ó sì ti ń wá.)

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti gbòde lọ. Ká ní ẹnì kan ra tẹlifíṣọ̀n tuntun ní ₦200,000. Ó san VAT ₦15,000 lé e. Lẹ́yìn ọdún méjì ó tà á fún oníṣòwò àlòkù kan tí ó ti forúkọ sílẹ̀, ní ₦100,000. Kò sí VAT nínú èyí, nítorí pé ẹni tí ó tà á kì í ṣe oníṣòwò. Oníṣòwò náà tún un ṣe, ó sì fẹ́ tà á ní ₦130,000. Òfin ní kí ó gba ìdá méje ààbọ̀ lórí gbogbo ₦130,000 náà, èyí tí í ṣe ₦9,750. Bẹ́ẹ̀ ni ₦30,000 péré ni iye tí òun fi kún ọjà náà, VAT orí ìyẹn nìkan kò sì ju ₦2,250 lọ. ₦7,500 tí ó lé jẹ́ owó-orí lórí iye tí ó ti san owó-orí tẹ́lẹ̀. Bí òun bá ra ọjà tuntun lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ni, ì bá yọ VAT tí ó ti san kúrò nínú èyí tí ó gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ta tẹlifíṣọ̀n náà fún un kò lè já ìwé VAT fún un, nítorí náà kò sí ohun tí yóò yọ. Ọjà kan náà, owó-orí lẹ́ẹ̀mejì.

Àwọn ará Yúróòpù ti rí ìṣòro yìí tipẹ́. Ní 1994 ni wọ́n fi ẹnu kò sí ìlànà kan pé kí oníṣòwò àlòkù máa san owó-orí lórí èrè rẹ̀ nìkan, kì í ṣe lórí gbogbo owó ọjà. Ìlú Ọba, tí ó ti kúrò nínú ẹgbẹ́ náà, ṣì ń lò ó: ìdá kan nínú mẹ́fà èrè ni oníṣòwò tí ó bá yàn án yóò fi fún ìjọba. Òfin ti 1993 ní Nàìjíríà, pẹ̀lú gbogbo àtúnṣe tí ó tẹ̀lé e, kò fi àyè sílẹ̀ fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ tí tálákà ti ń ra àlòkù ju tuntun lọ, àléébù ńlá ni èyí, ó sì yà ni lẹ́nu pé ìwọ̀nba ènìyàn ni ó ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀.

Tòkunbọ̀ tún ní ọ̀nà tirẹ̀. Ohun tí ó bá gba èbúté wọlé ní ọ̀nà ẹ̀tọ́ yóò san VAT lọ́wọ́ àwọn aṣọ́bodè pẹ̀lú owó bodè rẹ̀, àlòkù tàbí tuntun. Firíìjì àlòkù àti aṣọ àlòkù láti òkè òkun wà lára àwọn tí ìjọba ti fòfin dè. Òkìrìkà tí ó kún ojú ọjà kò lè sọ pé òun ti san ohunkóhun ní èbúté.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀. Ọ̀nà méjì ni ó pín sí. Ọ̀kan ń gba owó lọ́wọ́ oníbàárà, ó ń gbé ẹrù fún un, ó sì ń yọ tirẹ̀ kí ó tó san owó fún ẹni tí ó tajà. Irú èyí ni Jumia àti Konga, tí àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 2012. Èkejì kàn ń fi ẹni tí ó ń tà han ẹni tí ó ń rà ni, kò sì fọwọ́ kan owó wọn. Irú èyí ni Jiji, tí ó gba iṣẹ́ OLX ní Nàìjíríà ní 2019, àti ọjà orí Facebook. Inú ọ̀nà kejì yìí ni ọ̀pọ̀ àlòkù wà. Ọjà tí kò rí owó, báwo ni yóò ṣe yọ owó-orí lára rẹ̀?

Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ti sọ ọjà alágbàáwọlé-owó di oníbodè. Lẹ́yìn ìdájọ́ ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ibẹ̀ nínú ẹjọ́ South Dakota àti Wayfair ní oṣù Kẹfà 2018, ìpínlẹ̀ kan tẹ̀ lé òmíràn láti ṣòfin pé ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ ni kí ó máa gba owó-orí. Ti Texas bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá 2019. Ọmọ Yorùbá tí ó bá ra fóònù àlòkù lórí irú ọjà bẹ́ẹ̀ ní Houston yóò san ìdá mẹ́jọ àti ìdámẹ́rin lé e, kò sì ní í rí ẹni bá jiyàn, nítorí pé ẹ̀rọ ni ó ti ṣírò rẹ̀.

Ní Nàìjíríà, Babatunde Fowler, tí ó jẹ́ ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ owó-orí ìjọba àpapọ̀ nígbà náà, kéde ní 2019 pé àwọn báǹkì ni yóò máa yọ VAT nígbàkigbà tí ènìyàn bá ra ọjà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ ni, báǹkì ì bá máa yọ owó lórí firíìjì olùkọ́ àti lórí ọjà oníṣòwò ńlá bákan náà, nítorí pé báǹkì kò lè mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Ètò náà kò fìdí múlẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ òkèèrè ni ìjọba wá dojú kọ. Láti oṣù Kìíní 2022 ni ẹni tí ó bá sanwó ìpolówó ọjà fún Facebook ní Nàìjíríà ti ń san VAT lé e. Orí ìpolówó ni èyí wà o, kò sí lórí ohun tí wọ́n polówó.

Èkó náà ti fìgbà kan du ipò oníbodè yìí. Ó ní òfin owó-orí ọjà títà tirẹ̀, títí ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ fi dájọ́ ní oṣù Kejìlá 2017, nínú ẹjọ́ tí ó kan Eko Hotels, pé òfin VAT ti gba gbogbo ilẹ̀ náà, pé kò yẹ kí oníbàárà san méjì lórí ohun kan náà. Ní oṣù Kẹsàn-án 2021, Gómìnà Sanwo-Olu fọwọ́ sí òfin VAT ti ìpínlẹ̀, lẹ́yìn tí Rivers ti borí nílé-ẹjọ́ ní Port Harcourt, ṣùgbọ́n ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní kí gbogbo wọn ṣì dúró síbi tí wọ́n wà.

Kí ni akẹ́kọ̀ọ́ wa ní Ìkòròdú yóò wá ṣe? Ìbéèrè méjì ni yóò bi ẹni tí ó wà ní Ẹ̀pẹ́. Àkọ́kọ́, ṣé kọ̀ǹpútà tirẹ̀ tí ó ti lò ni, tàbí iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa tà wọ́n? Bí ó bá jẹ́ tirẹ̀, kò sí VAT níbẹ̀. ₦13,500 náà jẹ́ àlékún owó ọjà lásán, kì í sì í ṣe ìjọba ni yóò ná an. Èkejì, bí ó bá jẹ́ oníṣòwò, kí ni nọ́ńbà tí ó fi forúkọ sílẹ̀? Òfin ní kí nọ́ńbà náà wà lórí ìwé tí oníṣòwò bá já fún oníbàárà, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, àdírẹ́sì rẹ̀, ọjọ́ tí ó tajà àti iye owó-orí tí ó gbà. Oníṣòwò tí ó ní nọ́ńbà kì í bínú sí irú ìbéèrè yìí, nítorí pé ó mọ̀ pé òun gbọ́dọ̀ fi owó náà ránṣẹ́ kí ọjọ́ kọkànlélógún oṣù tí ó tẹ̀ lé e tó kọjá.

Bí nọ́ńbà bá wà, tí ìwé sì wà, kí ó san ₦193,500 pẹ̀lú ọkàn tútù. Bí kò bá sí, ₦180,000 tí wọ́n jọ fẹnu kò sí náà ni owó ọjà. Ó wá ku kí wọ́n sọ ẹni tí yóò san owó ọkọ̀ kọ̀ǹpútà náà láti Ẹ̀pẹ́ gba Ìtòkín wá sí Ìkòròdú.