Ìlú Tí Ó Pe Ìjọba Lẹ́jọ́ Nítorí Ọgbà Ẹ̀wọ̀n

Ẹ óò rí ìròyìn ìkómọjáde, ti ìgbéyàwó àti ti àwọn àgbà wa tí wọ́n papò dà ní ojú ewé tí ó tẹ̀lé èyí. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ṣí i, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ kan tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀ ní ìpàdé wa oṣù tí ó kọjá, nígbà tí a ti ka ìṣirò owó tán, tí àwọn ìyá sì ti ń pín ẹlẹ́rìndòdò kiri.

Ọ̀kan nínú àwọn bàbá wa, tí ó ti ṣe iṣẹ́ ìjọba títí ó fi fẹ̀yìntì, ni ó dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ó ní láti oṣù Kẹta ọdún 2023, nígbà tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí àtúnṣe ìwé òfin ilẹ̀ wa, ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n kò sí lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ nìkan mọ́. Ìpínlẹ̀ tí ó bá fẹ́ lè kọ́ tirẹ̀. Ó ní kí ẹgbẹ́ wa kọ̀wé sí ìjọba kí wọ́n kọ́ ọ̀kan sí ìtòsí wa níhìn-ín ní Kàdúná, nítorí pé níbi tí ẹ̀wọ̀n bá wà, iṣẹ́ wà níbẹ̀: iṣẹ́ wọ́dà, ti akọ̀wé, ti nọ́ọ̀sì, ti awakọ̀, àti ti àwọn tí yóò máa gba kọ́ńtíráàtì oúnjẹ. Ó ní, "Àwọn ọmọ wa ń jókòó sílé pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́." A pàtẹ́wọ́ fún un gan-an.

Nígbà náà ni ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa tí ń ta oúnjẹ dìde. Àwa tí a súnmọ́ ọn mọ̀ pé ọmọkùnrin rẹ̀ kan wà lẹ́wọ̀n tí ó ń dúró de ìdájọ́, ó sì ti pé ọdún mẹ́ta báyìí. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú sí mi o. Èyí tí ẹ fẹ́ bẹ̀bẹ̀ fún yìí, ta ni wọn óò kó sí i? Ọmọ tèmi wà nínú èyí tí ó wà tẹ́lẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó tíì dá a lẹ́bi. Ẹ bá mi bẹ ìjọba kí wọ́n fún wa ní adájọ́ kan sí i." Inú ilé pa rọ́rọ́. Alága ní kí a fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ di ìpàdé tí ń bọ̀, ó sì yíjú sí mi, ó ní, "Akọ̀wé, wá bí àwọn ẹlòmíràn ti ṣe é fún wa."

Mo wá a. Ibi tí mo sì bá a jìnnà díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ bá mi lọ.

Ìlú kan wà ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà tí a ń pè ní Susanville. Ẹsẹ̀ òkè Sierra Nevada ni ó wà, níbi tí yìnyín ti ń bọ́ nígbà òtútù. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Isaac Roop ni ó tẹ̀ ẹ́ dó ní nǹkan bí àádọ́sàn-án ọdún sẹ́yìn. Orúkọ ọmọ rẹ̀ obìnrin, Susan, ni wọ́n fi sọ ìlú. Igi gbígé àti pákó lílà ni ó bọ́ ìlú náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1963 ìjọba ìpínlẹ̀ ṣí ọgbà ẹ̀wọ̀n kan síbẹ̀ tí ń jẹ́ California Correctional Center. Ní 1995 wọ́n tún ṣí èkejì, High Desert State Prison, sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí àwọn ilé iṣẹ́ pákó ti ń kógbá sílé lọ́kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀wọ̀n ń di oko àti ọjà ìlú náà. Nígbà ìkànìyàn 2010, nínú nǹkan bí 18,000 ènìyàn tí a kà sí Susanville, ó súnmọ́ ìdajì wọn tí ó jẹ́ pé inú ẹ̀wọ̀n ni a ti kà wọ́n. Àwa tí a mọ ariwo tí ìkànìyàn máa ń dá sílẹ̀ ní Nàìjíríà lè rẹ́rìn-ín díẹ̀ níbẹ̀.

Ní oṣù Kẹrin 2021 ni ìkéde jáde láti Sacramento, olú ìlú California: a ó ti èyí tí a ṣí ní 1963 pa. Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn ẹlẹ́wọ̀n ti dín kù. Ní 2006 wọ́n lé ní 170,000 ní ìpínlẹ̀ náà, wọ́n ń sùn lé ara wọn lórí, àwọn aláìsàn kò sì rí ìtọ́jú tó péye. Ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà, ní 2011 ilé ẹjọ́ yìí sì pàṣẹ pé kí California dín wọn kù. Lẹ́yìn náà ni àwọn ará ìpínlẹ̀ náà dìbò ní 2014 àti 2016 láti dẹ òfin tí ó le jù sílẹ̀. Àrùn kòrónà dé ní 2020, a tún dá àwọn kan sílẹ̀ ṣáájú àkókò. Nígbà tí ó fi di 2021 wọn kò tó 100,000 mọ́. Owó tí ìjọba sì ń ná lórí ẹlẹ́wọ̀n kan ṣoṣo lọ́dún ti lé ní 100,000 dọ́là. Wọ́n ní bí a bá ti ti Susanville pa, mílíọ̀nù 122 dọ́là ni ìpínlẹ̀ yóò máa fi pamọ́ lọ́dọọdún.

Ta ni yóò gbọ́ irú owó bẹ́ẹ̀ tí kò ní sọ pé ó dára? Àwọn ará Susanville ni. Òṣìṣẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n náà lé ní ẹgbẹ̀rún kan, ní ìlú tí kò tóbi. Ìjọba sọ pé àwọn yóò wá àyè fún wọn ní ẹ̀wọ̀n mìíràn. Ṣùgbọ́n wọ́dà ni ó lè gba tíráńsífà. Onígbàjámọ̀ tí ń gé irun rẹ̀ kò ní tíráńsífà, bẹ́ẹ̀ náà ni obìnrin tí ń ṣe oúnjẹ àárọ̀ fún un, àti ẹni tí ó yá owó kọ́lé kí ó lè fi yá a gbé. Bí ìdílé 500 bá sì kó lọ, mélòó ni tíṣà tí ilé ìwé yóò nílò?

Ẹ jẹ́ kí a má ṣe yọ ṣùtì sí wọn. Ìlú tí àwa náà ń gbé rí irú rẹ̀. Nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ Kàdúná ń ti ilẹ̀kùn lọ́kọ̀ọ̀kan ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, kì í ṣe àwọn tí ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ nìkan ni ó sunkún. Mo rántí àwọn ìdílé tí wọ́n kó ẹrù wọn sínú ọkọ̀ lọ sí Ọ̀ffà àti Ògbómọ̀ṣọ́, pẹ̀lú àwọn ọmọ tí kò gbé ilé rí, tí Hausa wọn dán ju Yorùbá wọn lọ. Mo sì rántí àwọn tí wọ́n dúró, tí wọ́n ń retí pé ẹ̀rọ yóò tún dún lọ́la. Nítorí náà nígbà tí mo kà pé ìlú Susanville pe ìjọba ìpínlẹ̀ rẹ̀ lẹ́jọ́, n kò rẹ́rìn-ín.

Ohun tí wọ́n sọ ní kóòtù ni pé òfin àyíká ti ìpínlẹ̀ náà ní kí ìjọba yẹ̀ ẹ́ wò dáradára, kí a mọ ohun tí títì náà yóò ṣe sí ilẹ̀ àti àdúgbò, kí a tó ti ibẹ̀. Adájọ́ àgbègbè náà dá ìjọba dúró. Ní ọdún 2021 yìí kan náà ni iná ńlá kan tí a ń pè ní Dixie Fire jó igbó àwọn òkè ibẹ̀, tí ó súnmọ́ Susanville fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ iná yìí kan ẹ̀wọ̀n náà, nítorí pé ibẹ̀ ni a ti ń kọ́ àwọn ẹlẹ́wọ̀n apá àríwá California ní iṣẹ́ pípa iná igbó kí a tó pín wọn sí àgọ́. Owó iṣẹ́ wọn nígbà náà kò ju dọ́là márùn-ún àti sẹ́ǹtì díẹ̀ lọ lóòjọ́, pẹ̀lú dọ́là kan fún wákàtí kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá wà lẹ́nu iná. Àwọn kan ní Susanville ń bi ara wọn pé ta ni yóò máa pa iná bí wọ́n bá lọ. N kò mọ bí ojú tì mí tàbí àánú ṣe mí nígbà tí mo ka èyí.

Ẹni mélòó ni ó bi àwọn tí wọ́n wà nínú ọgbà léèrè? Àwọn kan nínú wọn kọ̀wé sí ilé ẹjọ́ fúnra wọn. Wọ́n ní kí a ti ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹlẹ́wọ̀n California ni ó ti ìhà gúúsù wá, láti Los Angeles àti agbègbè rẹ̀. Láti ibẹ̀ dé Susanville lé ní 500 máìlì, ó jìn ju ti Kàdúná sí Èkó lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ti fi ọkọ̀ rin ọ̀nà Jẹ́bbà rí, ẹ ro ó wò: kí ìyá rin ju bẹ́ẹ̀ lọ nítorí kí ó lè bá ọmọ sọ̀rọ̀ fún wákàtí díẹ̀, kí ó tún padà. Ẹgbẹ́ kan tí ń jẹ́ CURB, tí àwọn ìdílé ẹlẹ́wọ̀n pọ̀ láàárín àwọn tí ń bá a ṣiṣẹ́, sọ ní tiwọn pé kì í ṣe ọ̀kan tàbí méjì ni ó yẹ kí a tì, pé kí wọ́n ti mẹ́wàá.

Ẹjọ́ náà kò pẹ́ lọ títí. Ní 2022 àwọn aṣòfin fi gbólóhùn díẹ̀ kún òfin ìnáwó, pé òfin àyíká kò kan ẹ̀wọ̀n títì. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà adájọ́ gbé ẹsẹ̀ kúrò lọ́nà, nígbà tí oṣù Kẹfà 2023 sì parí, wọ́n ti ilẹ̀kùn. High Desert ṣì wà níbẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ kan sì kọjá sí i. Wọ́n ti tọ́ka ti ìlú Tracy pa ní 2021, ti ìlú Blythe sì tẹ̀ lé e ní oṣù Kọkànlá 2024, lẹ́yìn tí àwọn ará ibẹ̀ bẹ̀bẹ̀ títí. Ní 2025 ni wọ́n kéde pé ó kan ti Norco. Àwọn tí ń bá ilé aṣòfin ibẹ̀ ṣe ìṣirò owó sọ ní 2024 pé wọ́n ṣì lè ti márùn-ún sí i, kí wọ́n fi bílíọ̀nù kan dọ́là pamọ́ lọ́dún. Síbẹ̀ ẹ̀wọ̀n tí a tì ṣì ń jẹ owó díẹ̀, nítorí pé a ní láti fi ènìyàn ṣọ́ ọ kí ó má baà wó.

Èmi kò dá ará Susanville lẹ́bi pé ó wá oúnjẹ. Ohun tí ó bà mí lẹ́rù ni pé wọ́n ti dé ibi tí ó jẹ́ pé bí ìwà ọ̀daràn bá dín kù, ebi ni. Oko ni wọ́n dá, ṣùgbọ́n ènìyàn ni irè oko náà, ó sì gbọ́dọ̀ máa kún lọ́dọọdún. Wọn kò mọ̀ ọ́n-mọ̀ ṣe é. Ní 1963 ó dájú pé ayọ̀ ni wọ́n fi gbà á, bí a ti pàtẹ́wọ́ ní ìpàdé wa.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a padà sílé. Ẹ̀wọ̀n tí kì í ṣe ti ìjọba àpapọ̀ kì í ṣe ohun tuntun fún wa. Àwọn àgbà inú wa rántí ẹ̀wọ̀n N.A., tí àwọn ará ìlú yìí ń pè ní gidan yari, títí di 1968 tí ìjọba ológun fi kó gbogbo rẹ̀ sábẹ́ ìjọba àpapọ̀. Nísinsìnyí ìpínlẹ̀ tún lè kọ́ ọ. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ní 2024 ìjọba àpapọ̀ fi kún owó oúnjẹ ẹlẹ́wọ̀n kan láti ₦750 sí ₦1,125 lójúmọ́. Bí ìpínlẹ̀ bá fi ẹgbẹ̀ta ènìyàn sí ẹ̀wọ̀n tuntun ní iye kan náà, oúnjẹ nìkan yóò lé ní mílíọ̀nù 246 náírà lọ́dún, kí a tó san owó wọ́dà kan, kí a tó ra epo ẹ̀rọ iná. Bẹ́ẹ̀ sì ni nǹkan bí méjì nínú mẹ́ta àwọn tí wọ́n wà ní ẹ̀wọ̀n ilẹ̀ wa jẹ́ àwọn tí ń dúró de ìdájọ́, bí ọmọ ìyá wa yìí. California ti ẹ̀wọ̀n pa nítorí pé wọ́n kọ́kọ́ wá ọ̀nà tí ènìyàn fi dín kù nínú rẹ̀. Àwa fẹ́ kọ́ tuntun, a kò sì tíì gbọ́ ẹjọ́ àwọn tí wọ́n wà nínú ti àtijọ́.

Kí ìwé yìí tó lọ sí ilé ìtẹ̀wé, mo mú un lọ sílé bàbá wa tí ó dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, nítorí kò tọ́ kí n kọ nípa àgbà lẹ́yìn rẹ̀. Ó wọ awò ojú rẹ̀, ó kà á dé òpin. Ó ní, "Akọ̀wé, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n Susanville jẹun fún 60 ọdún. Ọmọ tèmi ṣì ń jókòó sílé." N kò rí èsì fún un. Ó ní kí n tẹ ohun tí òun sọ pẹ̀lú, mo sì ti tẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́ Àìkú kejì nínú oṣù tí ń bọ̀ ni ìpàdé, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ní gbọ̀ngàn wa. Òfin fún Adájọ́ Àgbà ìpínlẹ̀ láṣẹ láti bẹ ẹ̀wọ̀n wò, kí ó sì dá àwọn tí a tì mọ́lé láìtọ́ sílẹ̀. Àwọn agbẹjọ́rò méjì nínú ọmọ ẹgbẹ́ wa sì ti gbà láti bá wa kọ̀wé sí i láìgba owó. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ní ọmọ tàbí ìbátan tí ń dúró de ìdájọ́, kí ó mú orúkọ rẹ̀, nọ́ńbà ẹjọ́ rẹ̀ àti ọjọ́ tí a kọ́kọ́ gbé e lọ sí kóòtù wá. Ìyá wa ti mú tirẹ̀ wá fún mi. Òun ni ó wà ní òkè ìwé.