Àyẹ̀wò Àbùdá Ìran àti Oríṣiríṣi Ìlò Rẹ̀: Àpẹẹrẹ Láti Òṣòdì àti Ìsọlọ̀

1.0 Ìfáárà
Ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí káàkiri Èkó, ọ̀pọ̀ ìjọ ni kì í so àfẹ́sọ́nà pọ̀ láìkọ́kọ́ rí ìwé àyẹ̀wò jẹnótáìpù wọn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, àyẹ̀wò, ni ará ìlú ń lò, yálà ti àfẹ́sọ́nà ni, ti ọmọ tuntun ni, tàbí ti oyún. Iṣẹ́ yìí ń ṣàlàyé pé ìdí tí a fi ṣe àyẹ̀wò ni ó ń sọ bí ó ṣe yẹ kí a túmọ̀ èsì rẹ̀.

2.0 Ohun tí àyẹ̀wò ń fi hàn
Ọmọ ń jogún àbùdá kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Ẹni tí ó jogún S lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì ni àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ń bá fínra. AS kì í ṣe aláìsàn, ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ lè jogún S. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ni ó wà ní ipò yìí. Ní ọdún 1949 ni Linus Pauling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi agbára iná mànàmáná ya èròjà tí ń mú ẹ̀jẹ̀ pupa, ti A àti ti S, sọ́tọ̀. Irú ọ̀nà yìí ni ọ̀pọ̀ ilé àyẹ̀wò ṣì ń lò: èròjà náà ni wọ́n ń wò, wọn kì í ka DNA fúnra rẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹni tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn sí lára fi lè gba èsì tí kì í ṣe tirẹ̀.

3.0 Ìdí mẹ́rin
Ti àfẹ́sọ́nà ń wá ewu ọjọ́ iwájú. Bí AS bá fẹ́ AS, ìdá kan nínú mẹ́rin ni ewu SS nínú oyún kọ̀ọ̀kan. Bíbí ọmọ SS kan kò gba àwọn àbúrò rẹ̀ sílẹ̀. Ti ọmọ tuntun ń wá ẹni tí ìtọ́jú yẹ kí ó tètè bá kí ìrora tó dé. Ti oyún ń mú díẹ̀ lára ibi ọmọ láti ka DNA, èsì rẹ̀ kò sì lè bá tọkọtaya yan ohun tí wọn yóò ṣe. Ẹ̀kẹrin ni ti mímọ baba ọmọ, èyí tí ń fi DNA ọmọ wé ti ọkùnrin. Jẹnótáìpù kò lè rọ́pò rẹ̀. Bí ọmọ bá jẹ́ SS, tí ìwé bàbá sì sọ pé AA, ẹ̀jẹ̀ wọn ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ tún yẹ̀ wò, kí a tó na ìka sí ìyá.

4.0 Ìgúnlẹ̀
Nígbà tí kò sí àyẹ̀wò, àbíkú ni a ń pe púpọ̀ nínú irú àwọn ọmọ wọ̀nyí, ìyá sì ni ẹ̀bi sábà ń já lé lórí. Àyẹ̀wò ti fi hàn pé tọ̀tún-tòsì ni ogún náà ti wá. Bí a bá ṣi èsì rẹ̀ lò, ẹ̀bi àná ni a tún gbé kọ́ ìyá lọ́rùn.